Ìgbà Tí Òpópónà Wa Ń Fi Fóònù Rìn

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kejì

Ìwé mi, má bínú sí ọwọ́ ìkọ̀wé mi. Ó rí bí ibi tí adìyẹ ti fẹsẹ̀ ha ilẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì ń fà bí ìgbín, nítorí mi ò pẹ́ nílé ìwé. Ṣùgbọ́n bí mi ò bá rí ibi da ọ̀rọ̀ òní sí, inú mi á bẹ́.

Nọ́ọ̀sì wá sí òpópónà wa pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru. Ojúlé sí ojúlé ló ń wọ̀. Nígbà tó ṣe tán, ó kó wa jọ síwájú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, ó ní òun ò tíì rí òpópónà tí àwọn èèyàn ibẹ̀ mọ ìjókòó tó báyìí. Ó ní ẹni tó níṣẹ́ ń jókòó, ẹni tí kò níṣẹ́ ń jókòó, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà sì ti fẹ́ẹ̀ mú ìdajì wa. Ìyá wà nínú àwọn tí ìtọ̀ ṣúgà mú. Ìyá ọkọ mi ni mò ń pè ní Ìyá. Aránṣọ ni wọ́n.

Nọ́ọ̀sì ní òun máa dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lórí Wásáàpù, orúkọ rẹ̀ ni Ẹ-Dìde-Ẹ-Rìn. Áàpù kan tún wà tí gbogbo wa máa gbà sórí fóònù. Bí o bá gbé fóònù rẹ rìn, àmì rẹ á máa rìn lórí máàpù, gbogbo ẹgbẹ́ á sì máa wò ọ́. Ó wá ní òun ń wá ẹnì kan tí yóò máa jí àwọn èèyàn láàárọ̀, tí yóò sì máa yìn wọ́n nírọ̀lẹ́.

Ṣé o mọ ohun tí Ìyá ṣe? Wọ́n tì mí síwájú! "Ìyàwó mi á ṣe é. Kò ní ìjàngbọ̀n, kì í sọ̀rọ̀."

Onígbàjámọ̀ ní, "Ìyá, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ lẹ fẹ́ kó máa pariwo jí wa?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Bí ilẹ̀ bá lanu nígbà yẹn, ǹ bá wọlé lọ fúnra mi.

Ọjọ́rú, 5

Mi ò lè kọ ọ̀rọ̀ kíákíá, nọ́ọ̀sì ní kí n máa fi ohùn ránṣẹ́. Mo wọ balùwẹ̀, mo tìlẹ̀kùn, mo gbé fóònù sẹ́nu, mo ní, "Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Ẹ rìn dé ìdí afárá, kẹ́ ẹ sì padà." Mo fi ránṣẹ́, mo sì jókòó sórí kọ́rọ́bá.

Ẹni àkọ́kọ́ tó fèsì, onígbàjámọ̀: "Ta ni áńgẹ́lì tó ń ké nínú kànga yìí?"

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi fi òòlù lu ọwọ́ ara rẹ̀. Káfíńtà ni. Níta, "ẹ" ni mo máa ń pè é. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti láyà pè é ní "ó".

Ẹtì, 7

Bàbá Hẹ́dímásítà ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì gbà pé gbogbo òpópónà ni kíláàsì àwọn. Wọ́n kọ ọ́ sínú ẹgbẹ́ lónìí pé: "Aránṣọ kò ní lè bá wa rìn. Àga rẹ̀ kò ní fún un láyè."

Ìyá ní kí n kà á síta. Mo kà á pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Wọ́n fi sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, wọ́n ní, "Mo máa rìn títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi jowú ẹsẹ̀ mi."

Ọkọ mi lọ ra bàtà kánfáàsì funfun fún wọn nírọ̀lẹ́. Owó bàtà ti gun orí igi. Ìyá wọ̀ ọ́ rìn yípo inú yàrá, lórí okùn òwú àti ègé aṣọ, wọ́n ń wo ara wọn bí ọmọge. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ sunkún.

Ọjọ́ Ajé, 10

Ooru mú. Èmi àti Ìyá tún rìn dé afárá. Wọ́n yára jù mí lọ, wọ́n ń ju ọwọ́ bíi sójà. Wọ́n ní, "Ìyàwó, ṣé ìwọ ni arúgbó ni?"

Ọjọ́bọ̀, 13

Ìyá ní mò ń fa àwọn sẹ́yìn. Láti òní lọ, àwọn nìkan á máa jáde ní àfẹ̀mọ́jú, nígbà tí mo bá lọ gbá ṣọ́ọ̀bù ọkọ mi. Ó dùn mí díẹ̀. Mo rò pé mo ti ṣẹ̀ wọ́n.

Ọjọ́rú, 19

Ìwé, wá gbọ́! Àmì pupa Ìyá ló wà lókè gbogbo ẹgbẹ́. Wọ́n ń rìn dé afárá, wọ́n ń kọjá pápá ilé ìwé, wọ́n ń wọ gbogbo kọ̀rọ̀. Wọ́n ti fi onígbàjámọ̀ sẹ́yìn, ẹni tí àmì tirẹ̀ náà ń sáré kiri bí ẹni tí wọ́n ń lé. Bàbá Hẹ́dímásítà fúnra wọn kọ̀wé pé, "Mo kí Ọ̀gágun Aránṣọ." Nọ́ọ̀sì ní ìlú mìíràn ti ń bi òun bí òpópónà wa ṣe ń ṣe é.

Mo fi àtẹ́wọ́ ránṣẹ́ sí Ìyá nínú ẹgbẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín kékeré. Ìbọ̀sẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ wọn nínú ooru yìí. Wọ́n ní ẹni tó ń rìn gbọ́dọ̀ tọ́jú ẹsẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25

Mi ò mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀.

Ọkọ mi lọ kan ilẹ̀kùn síbi iṣẹ́ kan tó jìnnà láàárọ̀ yìí, kò ṣí ṣọ́ọ̀bù, nítorí náà mi ò ní ilẹ̀ láti gbá. Mo jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, mò ń wo máàpù. Àmì pupa Ìyá ti dé ìdí afárá, ó ń lọ jẹ́jẹ́. Mo ní, ìyá rere, ẹ kú ìrìn o.

Mo wá gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ.

Mo gbé etí sókè. Ẹ̀rọ ìránṣọ Ìyá ni, nínú yàrá Ìyá, ó ń dún gìrì gìrì, ó dákẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀. Mo wo fóònù. Ìyá wà lórí afárá. Mo gbọ́ ikọ́ Ìyá nínú yàrá. Mo wo fóònù. Ìyá ti sọ̀kalẹ̀ lórí afárá, wọ́n ń yà sí ọwọ́ òsì.

Mo kọ́kọ́ rò pé iwin ni. Mo tẹ nọ́ńbà Ìyá.

"Búrẹ́dì gbígbóná! Haló, ta nìyẹn?"

Ìyá oníbúrẹ́dì! Ẹni tó ń gbé búrẹ́dì kiri òpópónà wa láràárọ̀! Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, èmi ìyàwó ilé Aránṣọ ni. Báwo ni fóònù Ìyá ṣe dé ọwọ́ yín?"

Ó ní, "À á, ìyàwó! Ìyá ló ní kí n máa bá òun gbé e jáde láràárọ̀ kó lè gba atẹ́gùn. Wọ́n ní bí fóònù bá ń jókòó sílé, á kú. Àbí ó ti kú ni?"

Mo ní, "Kò tíì kú, mà." Mo pa ìpè náà.

Mo wọ yàrá Ìyá láìkan ilẹ̀kùn, ohun tí mi ò ṣe rí láti ọjọ́ tí mo ti dé ilé yìí. Ẹsẹ̀ òsì ni wọ́n fi ń tẹ ẹ̀rọ. Ẹsẹ̀ ọ̀tún wà lórí àpótí, nínú ìbọ̀sẹ̀. Òórùn kan sì wà níbẹ̀, tí mo ti rò fún ọjọ́ mélòó kan pé eku ló kú sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Mo kúnlẹ̀, mo sì bọ́ ìbọ̀sẹ̀ náà. Wọn ò dá mi dúró.

Ìwé, abẹ́ ẹsẹ̀ náà ti là. Ihò ni. Omi ń tinú rẹ̀ jáde.

Mo ní, "Ìyá, báwo lẹ ṣe ń fara da ìrora yìí?"

Wọ́n ní, "Kò dùn mí. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù."

Mo fa bàtà kánfáàsì náà jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, nǹkan gún mi, mo pariwo. Abẹ́rẹ́ ìránṣọ! Ó ti gba ìsàlẹ̀ bàtà wọlé, ó dúró ṣánṣán síbẹ̀, ṣóńṣó rẹ̀ ti kán. Orí ilẹ̀ yàrá yìí, níbi tí abẹ́rẹ́ ń já sí láràárọ̀, ni wọ́n ti wọ bàtà náà yípo nírọ̀lẹ́ ọjọ́sí, tí gbogbo wa ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ rìn dé afárá. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ ju ọwọ́ bíi sójà, tí mo ń sá tẹ̀lé wọn lẹ́yìn, wọn ò mọ̀ ọ́n lára.

Ìyá di ọwọ́ mi mú. "Ẹsẹ̀ ni wọ́n ní àwọn fẹ́ tọ́jú fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nílé ìwòsàn. Wọ́n gé e dé orúnkún. Oṣù kan kò pé tí a fi sin ín. Ìyàwó, mo bẹ̀ ọ́, ojú rẹ rí i, má jẹ́ kí ẹnu rẹ sọ ọ́. Má sọ fún ọkọ rẹ."

Ìyá ọkọ mi bẹ̀ mí. Ta ni mo jẹ́ tí wọ́n fi ń bẹ̀ mí? Mo ní mo ti gbọ́, mà.

Ọjọ́rú, 26

Mo se omi iyọ̀, mo fi fọ ẹsẹ̀ náà. Nínú ẹgbẹ́ wọ́n ń béèrè ohùn mi. Mo wọ balùwẹ̀, mo ní kí wọ́n dìde kí wọ́n rìn. Ọ̀rọ̀ náà korò lẹ́nu mi.

Ọkọ mi ní kí ló dé tí mi ò jẹun. Mo ní inú ń run mí. Irọ́ àkọ́kọ́ tí mo pa fún un láti ìgbà tí a ti fẹ́ra nìyẹn.

Ọjọ́bọ̀, 27

Ọmọ ìka ẹsẹ̀ Ìyá ti dúdú. Kì í ṣe àwọ̀ ara. Ó dúdú bí èédú.

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn. Mo ní, "Ìyá, ẹ dárí jì mí. Mo fẹ́ pe nọ́ọ̀sì."

Wọ́n ní, "Bí o bá pè é, má pè mí ní ìyá mọ́."

Mo jáde sí òpópónà. Mi ò wọ balùwẹ̀. Ojú ọ̀nà ni mo dúró sí, níwájú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ àti gbogbo oníbàárà rẹ̀, mo pe nọ́ọ̀sì, mo sì ń ké pé, "Ẹ máa bọ̀! Ẹ máa bọ̀ báyìí! Ẹsẹ̀ Ìyá ti ń kú!" Onígbàjámọ̀ dá abẹ dúró lórí ẹni tó ń fá. Mi ò mọ̀ pé irú ohùn bẹ́ẹ̀ wà nínú mi.

Nígbà tí wọ́n ń gbé Ìyá wọ ọkọ̀, wọ́n kọjá lára mi, wọ́n ní, "Mo gbà ọ́ sílé, o tà mí." Ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí wọ́n bá mi sọ.

Àbámẹ́ta, 1 oṣù kẹta

Dókítà ya fọ́tò eegun. Ṣóńṣó abẹ́rẹ́ tó kán wà nínú ẹsẹ̀ náà! Mo rí i fúnra mi, funfun tín-ínrín, láàárín eegun. Wọ́n yọ ọ́ jáde. Wọ́n gé ọmọ ìka. Dókítà ní bí dúdú náà kò bá rìn sókè, àwọn ò ní gé ẹsẹ̀. Bó bá rìn sókè, àwọn á gé e ní ọrùn ẹsẹ̀, ó kéré tán. Ó ní ká máa wò ó.

Ọkọ mi mú mi lọ jókòó lẹ́yìn ilé ìwòsàn. Kò pariwo. Ó sàn kó pariwo. Ó ní, "O mọ̀ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. O bá mi jókòó, o ń wò mí lójú." Mo ní Ìyá ló bẹ̀ mí. Ó ní, "Tèmi ńkọ́? Ṣé àlejò ni mí?" Ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó fi bò mí léjìká, torí òjò ti bẹ̀rẹ̀.

Ìyá kọjú sí ògiri. Bí mo bá gbé omi dé, wọ́n á mu ún. Wọn ò ní wojú mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Ìyá oníbúrẹ́dì wá, ó ń sunkún, ó gbé fóònù Ìyá dání nínú láílọ́ọ̀nù búrẹ́dì. "Ṣé fóònù yìí ló ṣe Ìyá ní nǹkan? Mo ṣáà ń gbé e síbi tí atẹ́gùn wà!" Mo rẹ́rìn-ín, mo sì sunkún. Mi ò mọ èwo ló ṣáájú.

Nínú ẹgbẹ́, àmì pupa dúró gbagidi. Bàbá Hẹ́dímásítà kọ̀wé pé ó ti rẹ Ọ̀gágun.

Dúdú náà kò tíì rìn. Kò sì tíì padà.

Ọjọ́bọ̀, 6

Ìyá na ọwọ́ láìwò mí. "Fóònù." Mo fún wọn. Wọ́n ní, "Tẹ ibi tí o máa ń tẹ̀." Mo tẹ̀ ẹ́. Ohùn wọn kò gbọ̀n rárá. Mo kọ ọ́ síhìn-ín bí mo ṣe rántí rẹ̀:

"Ẹ̀yin ará òpópónà, èmi Aránṣọ ni. Mi ò ní sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tí ẹ ń pè ní Ọ̀gágun kò jagun kankan. Orí àga ni mo wà. Fóònù mi ló ń bá búrẹ́dì kiri. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni mo fẹsẹ̀ ara mi rìn, abẹ́rẹ́ wà nínú bàtà mi, mi ò mọ̀, torí ìtọ̀ ṣúgà ti mú ẹsẹ̀ mi kú. Ẹ gbé fóònù yẹn sílẹ̀ báyìí, kẹ́ ẹ wo abẹ́ ẹsẹ̀ yín. Ẹni tí kò lè tẹ̀ wò ó, kó pe ọmọ rẹ̀ kó bá a wò ó. Kẹ́ ẹ gbọn bàtà kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́. Ó tán."

Wọ́n dá fóònù padà fún mi, wọ́n kọjú sí ògiri.

Mo rò pé èébú ló ń bọ̀. Àfi ìgbà tí onígbàjámọ̀ fi ohùn ránṣẹ́: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí ji èmi náà. Ajá mi ló ń rìn. Ọrùn rẹ̀ ni mo máa ń so fóònù mọ́."

Ajá! Mo jókòó sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìyàwó wẹ́dà ajórin òpópónà wa sọ pé orí kẹ̀kẹ́ ọmọ àwọn ni tọkọ òun máa ń wà. Ẹlòmíràn ní inú ọkọ̀ akẹ́rù. Ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn bí ìgbà tí àpò ìrẹsì bá ya. Nọ́ọ̀sì ní, "Ta ló wá rìn nínú yín?"

Ọdẹ tó ń ṣọ́ òpópónà ló dáhùn: "Èmi ni, mà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mi nìyẹn."

Ẹtì, 7

Ìyàwó Bàbá Hẹ́dímásítà pè mí ní àfẹ̀mọ́jú. Ó ní lẹ́yìn tí àwọn gbọ́ ohùn Ìyá, òun fẹ́ wo ẹsẹ̀ Bàbá, Bàbá fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ẹsẹ̀ ọ̀mọ̀wé kì í gba abẹ́rẹ́. Òun bá fi tipátipá gbé ẹsẹ̀ wọn sórí ìrọ̀rí. Ègbò wà ní gìgísẹ̀, ó tó àtàǹpàkò. Òkúta wẹ́wẹ́ kan ló wà nínú bàtà. Bàbá kò mọ nǹkan kan!

Nọ́ọ̀sì ti rí i. Kò tíì jinlẹ̀. Ó ní bó bá pẹ́ sí i ni, ọ̀tọ̀ lọ̀rọ̀ tí à bá máa sọ.

Mo sọ ọ́ fún Ìyá nígbà tí mò ń tẹ́ ibùsùn wọn. Ògiri ni wọ́n ń wò. Ṣùgbọ́n mo rí i tí èjìká wọn mì.

Ọjọ́rú, 12

Dúdú náà ti fẹ́ sún sókè díẹ̀. Dókítà kò rẹ́rìn-ín. Mi ò lè kọ jù báyìí.

Àìkú, 16

Ó ti dúró. A ò mọ̀ bóyá ó dúró láti sinmi ni tàbí ó dúró pátápátá.

Nọ́ọ̀sì fẹ́ pa ẹgbẹ́ rẹ́, ojú ń tì í. Èmi, èmi yìí náà, mo ní, "Ẹ má pa á, mà. Máàpù ni ká pa." Mo ní kí ẹni tó bá rìn má fi àmì ránṣẹ́ mọ́. Kó kí ẹni tó bá pàdé lọ́nà, kó gba ohùn ìkíni àwọn méjèèjì sílẹ̀, kó fi ìyẹn ránṣẹ́. Ajá ò lè kí èèyàn. Búrẹ́dì ò lè dáhùn.

Láàárọ̀ yìí, fóònù mi kún. "Ẹ kú ìrìn o." "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ṣé ilé ńkọ́?" "Ìwọ wẹ́dà, ikùn rẹ ti ń fà o!" "Ẹ bá mi kí ìyàwó yín." Mi ò tíì gbọ́ tí òpópónà wa ń pariwo báyìí rí. Mo gbé e sétí Ìyá. Wọ́n pajú dé, wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Nígbà tó parí, wọ́n fi ìka tọ́ fóònù: kí n tún gbé e sí wọn létí.

Ọjọ́ Ajé, 24

Orí bẹ́ǹṣì ni mo ti ń kọ èyí, lẹ́nu ọ̀nà yàrá tí wọ́n gbé Ìyá wọ̀. Òní ni dókítà máa tú ẹsẹ̀ náà pátápátá, òní ni á sọ bóyá gígé ni tàbí rárá. Ọkọ mi ń rìn lọ rìn bọ̀ nínú àgbàlá, mi ò tíì rí i kó rìn tó báyìí. Wọn ò jẹ́ kí ìkankan nínú wa wọlé.

Mo ń gbọ́ sísọ́ọ̀sì. Mo ń gbọ́ abọ́ irin. Wọ́n dákẹ́. Ìwé, bí wọ́n bá gé e, mi ò mọ bí mo ṣe máa padà wọ ilé yẹn. Bí mi ò bá pe nọ́ọ̀sì ńkọ́? Mo ti yí i po títí, ibì kan náà ni mo ń já sí: màá ṣì pè é.

Dókítà ń sọ̀rọ̀, ó ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Nọ́ọ̀sì pariwo! Ṣé igbe ayọ̀ ni àbí

"Ìyàwó dà?"

Ohùn Ìyá ni. Èmi ni wọ́n ń pè. "Ìyàwó! Ṣé etí rẹ di ni? Wọ́n ní kò sí gígé! Wọ́n ní kí n dìde. Dókítà yìí ń na ọwọ́ sí mi, mo ní kó gbé ọwọ́ rẹ̀ lọ, ìyàwó mi ni yóò dì mí mú!"

Yíǹkì ti ta sílẹ̀. Ọkọ mi ti ń sáré bọ̀. Wọ́n tún ń pè mí, wọ́n ní bí mi ò bá wọlé báyìí, àwọn á gbé ẹsẹ̀ náà sílẹ̀ fúnra àwọn, àwọn á sì rìn wá bá mi. Mò ń bọ̀, Ìyá!